Alága Wà Nílé Ìyàwó Ọmọ Mi

Ṣé mo sọ fún un? Mo sọ fún un. Ó yẹ kí n ti sọ fún un. Mo sọ̀rọ̀ egbò tó wà nídìí Alága, mo sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, pé kó máa tú okùn àyà wò kó má baà bó awọ abíyá rẹ̀... mo sọ̀rọ̀ oúnjẹ, mo ní kó má fún un ní eegun bó ti wù kó fojú bẹ̀ ẹ́ tó, torí Alága mọ ojú àánú í ṣe ju alágbe lọ. Gbogbo ìyẹn ni mo sọ lánàá kó tó gbé e lọ. Títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì wá ńkọ́? Ṣé mo sọ fún un pé ìtọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kan?

Mi ò rántí. Mo dúró láàárín ilé ìdáná, mo di aṣọ ìlédìí rẹ̀ mú, aṣọ tí mo fọ̀ láàárọ̀, tó ti gbẹ, tí mo tún wá rẹ sómi láìnídìí. Omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò sì rántí.

Obìnrin yìí, jókòó. Jókòó kí o ronú.

Mi ò lè jókòó.

Ajá arọ kan ṣoṣo ló sọ mí di ẹni tó ń yí tábìlì po. Ọkọ̀ ló gbá a nígbà tó ṣì kéré. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, láti ọjọ́ náà ni iwájú rẹ̀ ti ń rìn tí ẹ̀yìn ń wọ́ tẹ̀lé e. Baálé mi ló sọ ọ́ ní Alága, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé ìdí rẹ̀, tó na àyà síwájú, tó wò wá yíká bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro Alága. Ìtọ̀ ni. Àpò ìtọ̀ á kún, kò ní mọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí a tó sùn. Wàá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú, wàá wá ohun roboto kan bí ọsàn kékeré, wàá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sọ́nà ìrù. Ìtọ̀ á dà. Á dá. Wàá rò pé ó ti parí... kò tíì parí. Wàá jẹ́ kó mí, wàá fi ọwọ́ pa á níkùn, wàá tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni èyí tó kù nísàlẹ̀ máa ń jáde, èyí tó ṣú, tó ń rùn. Èyí tó máa ń pa wọ́n nìyẹn.

Bó bá kù síbẹ̀, ó ń bàjẹ́ síbẹ̀. Ibà á dé. Bí Ìyá Arúgbó ṣe lọ nìyẹn, ajá dúdú tí mo tọ́jú ṣáájú Alága kí n tó wá ilé fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ajá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Ilé rere ló kú sí, lọ́wọ́ obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ láìgbàgbé — lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sunkún lórí fóònù. "Mo rò pé ó ti tán, Mà. Mo rò pé ó ti tán." Nígbà yẹn, èmi alára kò mọ̀ pé nǹkan ń kù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi wá a rí, lára Alága.

Pè é. Mú fóònù yẹn kí o pè é, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Rárá o. Mo ti pè é nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pè é lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo tún pè é nígbà tí oòrùn ń mú bọ̀, mo ṣe bí ẹni pé ìkòkò kan ni mò ń wá. Ohùn kan náà. "Ó wà dáadáa, Mà. Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé gan-an ni, Mà." Kí ló ń dúpẹ́ fún? Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá, òun ló ń dúpẹ́. Gbogbo ìgbà ló ń dúpẹ́. Mo fún un lómi, ẹ ṣé Mà. Mo ní kó kọjá, ẹ ṣé Mà. Ó sú mi. Ènìyàn tó ń dúpẹ́ báyìí, o ò lè mọ ohun tó ń rò.

Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń sọ o. Nínú gbogbo àwọn tí dókítà ẹranko fi àwòrán Alága hàn — wọ́n á ní "ó mà rẹwà o," wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ̀, wọ́n á rántí lójijì pé àwọn ní ìrìn àjò — ìyàwó ọmọ mi nìkan ló ní òun fẹ́. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọmọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó lè pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó padà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í gbélé, tó ń fi gbogbo ọ̀sán dúró lórí ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ajá wo ló ń wá? Ajá tó ń jò bí agbada tó lu?

Ó fẹ́ fi wú mi lórí ni. Àbí ó fẹ́ fi hàn pé ohun tí mò ń ṣe kò le tó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀kan ṣá ni.

Baálé mi nà gbalaja sórí àga ní pálọ̀, ó fi ìwé ìròyìn bojú. Mo rò pé ó ti sùn, àṣé ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣebí òun ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí mo gbé fóònù tí mo tún gbé e sílẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣí ìwé kúrò lójú. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. O tún fẹ́ lé èyí sá bí o ṣe lé àwọn olùkọ́ yẹn, àbí?"

Àwọn olùkọ́ yẹn. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n gba ajá olójú kan tó ní gìrì. Mo ń pè wọ́n láàárọ̀, mo ń pè wọ́n lálẹ́. Ṣé ó ti lo oògùn? Ṣé ó ti jẹun kó tó lo oògùn? Ọ̀sẹ̀ náà kò pé tí wọ́n fi dá a padà. Ọkọ ló fà á lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tìtìjú-tìtìjú, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ajá la gbà, a ò gba ìyá ọkọ mọ́ ọn." Baálé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lónìí wá ni ìyá ọkọ gan-an ń pe fóònù.

Tí mo bá tún pè é, á sú u, á dá Alága padà. Tí mi ò bá pè é, tí kò bá mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì wà... Ọ̀la ni dókítà máa lọ síbẹ̀. Á fi ọwọ́ kan ikùn, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ìtọ̀ àná bá ṣì wà níbẹ̀, Alága á padà sọ́dọ̀ mi. Sọ́dọ̀ ọwọ́ wo? Ọwọ́ yìí? Mo na àtàǹpàkò mi, kò nà tán. Òwúrọ̀ ni mo máa ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ kó tó lè di ife mú. Dókítà di ìka mi mú níjọ́sí, ó ń yẹ oríkèé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé èmi náà di ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ò lè máa ṣe èyí lọ. Bí ajá yìí ò bá rílé, ẹ jẹ́ ká fún un lábẹ́rẹ́ kó sùn, kó má jí mọ́. Ìyẹn sàn ju kó máa jẹrà láti inú." Ó fi sùúrù sọ ọ́. Mi ò bá a jà. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ilé kan ló kù. Ilé yẹn, àbí abẹ́rẹ́.

Mò ń lọ síbẹ̀. Màá kàn yà níbẹ̀. Màá ní mo gbàgbé nǹkan. Bàtà mi dà? Ilé náà kò jìnnà, tí a bá kọjá ilé epo, tí a yà sọ́tùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, àtẹ̀gùn kan wà, lókè rẹ̀ ni ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, bí a bá wọlé... Bí a bá wọlé, kí ló wà níbẹ̀? Mi ò mọ̀. Mi ò tíì wọlé rí. Ọmọ mi máa ń wá gbé mi, ó máa ń gbé mi padà. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn rí, wọ́n ní kí n gòkè wá, mo ní ajá ń dúró dè mí nílé. Ajá máa ń dúró dè mí nílé lóòótọ́. Kí ni ìyẹn tilẹ̀ kàn nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀?

Mo bọ́ bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

Ó yá. Jẹ́ kí n tún àná rò, lẹ́sẹẹsẹ. Ó wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un nípa èékánná rẹ̀, torí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni èékánná rẹ̀ ti gùn, tó pọ́n, tó ń dán, iṣẹ́ onídìrí ni, wọ́n ń fi polówó ara wọn. Mo ti fẹ́ sọ pé èékánná yẹn kọ́ ni wọ́n fi ń di ikùn ajá mú. Mo bojú wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gé e. Ó gé e mọ́ ẹran, gbogbo rẹ̀, ìka rẹ̀ wá rí bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, ojú ayé.

Mo tẹ́ Alága sórí ẹní. Mo gbé bàsíà sí i nídìí. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi... rárá, ẹ̀yìn mi ló wà, torí mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo máa ń kọjú sí fèrèsé kí n lè rí àwọ̀ ìtọ̀. Mo ní, "Máa wò mí." Mo gbá ikùn mú. Mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dà. Ó dá. Lẹ́yìn náà — lẹ́yìn náà àtàǹpàkò mi ta mí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo yọ ọwọ́. Mo na ọwọ́ sí aṣọ kí n nù ún nídìí...

Mo na ọwọ́ sí aṣọ?

Mo na ọwọ́ sí aṣọ. Mo fẹ́ nù ún kí n dìde. Nígbà náà ló sọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, mo sì fi ìkanra dá a lóhùn, mo ní, "Mo mọ̀." Kí ni mo mọ̀? Kí ló sọ?

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà... ṣé ẹ ò ní tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni?"

Háà.

Mo gbé aṣọ tútù yẹn sílẹ̀. Mo fi ìdí kan àga. Èmi kọ́ ni mo sọ fún un, òun ló sọ fún mi. Ọwọ́ dùn mí, mo fẹ́ fi èyí tó ń pa wọ́n sílẹ̀ níkùn Alága, èmi tí mò ń yí tábìlì po láti àárọ̀. Ọmọ tí mò ń pè lórí fóònù bí olè ló rán mi létí. "Mo mọ̀," ni mo wí. Mo sì tẹ̀ ẹ́, mi ò wojú rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó wá. Ara mi rọ̀, mo mí kanlẹ̀. Alága yóò yè, ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí n lọ gbé oúnjẹ baálé mi ka iná.

Ta ló kọ́ ọ?

Kì í ṣe dókítà. Dókítà gan-an, lẹ́nu mi ló ti gbọ́ ọ. Kò sí ibòmíràn láyé yìí tí ènìyàn ti lè rí títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì àfi yàrá ẹ̀yìn ilé mi, lọ́wọ́ mi, lójú iṣẹ́. Ó wò ó ni. Ó wò ó títí tó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà wo? Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n bá wá kí wa ni, àti àwọn ọjọ́ ìsinmi tí ọmọ mi wà lójú ọ̀nà tí òun nìkan ń wá, tí mò ń sọ fún baálé mi pé, "Kí ló tún ń wá?" Á tọ̀ mí wá sí yàrá ẹ̀yìn. Á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé kí n bá yín mú nǹkan kan, Mà?" "Rárá, ó ti tó." Èmi á kọ ẹ̀yìn sí i, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ. Òun á dúró síbẹ̀ náà. Mo máa ń rò pé ó ń wá ọ̀nà àtilọ ni. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Kí ni ọmọdébìnrin á máa wo ọwọ́ arúgbó sí? Ta ló máa ń wo ọwọ́ ènìyàn báyẹn, tí kì í wojú...

Mo mọ ẹni tó máa ń wò ó.

Rárá. Dúró ná. Rárá, mo mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Gbé ajá èyíkéyìí wá síwájú mi, kó tó jẹun tán, màá sọ fún ọ bóyá ilé kan ló ti wá tàbí ilé rẹpẹtẹ. Èyí tí wọ́n ti gbé kiri kì í sùn láàárín yàrá. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń sùn, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, níbi tó ti rọrùn láti lé e. Kì í gbó. Kì í béèrè. Bó bá jẹun tán, á lá abọ́ náà títí wàá fi rò pé ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀ rí. O bu omi fún un, á lá ọ lọ́wọ́. O ṣí ilẹ̀kùn, á lá ọ lọ́wọ́. O kọjá lásán, á lá ọ lọ́wọ́. Àlejò á rí i, wọ́n á ní, "Ajá yìí mà moore o." Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ìmoore. Ẹ̀rù ni. Ó ń bẹ̀ ọ́ ni, pé kí o má dá òun padà. Gbogbo wọn ló sì máa ń kọ́ ọwọ́ rẹ kí wọ́n tó kọ́ ojú rẹ.

Etí àga ló máa ń jókòó sí, àpò rẹ̀ lórí itan, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè jáde. Òkèlè ìgbẹ̀yìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí á ti dìde lọ fọ abọ́. Mo sọ fún baálé mi pé, wò ó, ó fẹ́ fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ ilé. Kò pè mí ní Màámi rí bí ọmọ mi ṣe ń pè mí. Mà, Mà, Mà. Mo ní ìgbéraga ni. Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé gan-an ni, Mà.

Ọmọ mi sọ fún mi. Níbí yìí ló ti sọ ọ́, nílé ìdáná yìí, kó tó mú un wálé. "Màámi, ẹ bá mi rọra ṣe sí i o. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí i. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ilé àbúrò bàbá rẹ̀, ilé ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀... wọ́n kàn ń gbé e fún ara wọn ṣáá ni." Mo ní, "Ó mà ṣe o." Mo bi í bóyá á jẹun kó tó lọ.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn gbé ajá tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wá bá mi, wọ́n ní, Mà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ojú wọn. Mo sì ń gbà. Inú mi sì ń dùn sí ara mi.

Kí ló tún sọ lánàá? Nígbà tó ń lọ, Alága ní apá kan, kẹ̀kẹ́ ní apá kejì, mi ò tilẹ̀ bá a di ilẹ̀kùn mú, torí ọ̀rọ̀ eegun ni mò ń sọ. Ó ní, "Ẹ máa wá wò ó nígbàkúùgbà tó bá wù yín, Mà. Mo ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ lẹ ó máa jókòó sí." Mo rò lọ́kàn mi pé, ta ló bi í léèrè àga? Ibi tí ajá máa sùn ni kó sọ fún mi.

Àga. Kí Alága tó ní ibùsùn nílé yẹn, èmi ti ní àga.

Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, kò béèrè iyọ̀, kò béèrè ìdí tí mi ò fi gòkè àtẹ̀gùn yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè nìyí: ajá arọ tó ń jò, èyí tó nira jù lọ nínú gbogbo wọn, èyí tó mọ̀ pé mi ò ní lè jìnnà sí. Ó sì gé èékánná rẹ̀.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un. Baálé mi ti ń hanrun ní pálọ̀, aṣọ ìlédìí ń kán omi sílẹ̀ láti etí tábìlì, oòrùn ọ̀sán ṣì wà níbi tó wà. Kí ni kí n sọ fún un? Ajá ńkọ́? Mo mọ bí ajá ṣe wà.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó bá jẹ́ ajá ni. A kì í sáré bá a. A máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa ń la ọwọ́ sílẹ̀, a ó sì máa dúró dè é, bó pẹ́ bó yá, títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti wá. Ó ti ń wá tipẹ́tipẹ́, lọ́jọ́ ìsinmi kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn yẹn, èmi sì kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń tẹ ikùn ajá.